Ìnárun àti Ẹni Tí Kò Sí Nílé Lọ́jọ́ Oògùn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde)

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n bá wa sọ̀rọ̀ lórí ìlera, wọ́n sì rọra yọ sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kó gùn jù. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí kan gbogbo àwa tí a kàwé tí a sì fi ìlú sílẹ̀, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi létí díẹ̀.

Ìnárun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní onchocerciasis. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìfọ́jú etí odò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àrùn ará oko nìyẹn, pé kí ló kan ẹni tó ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyẹn. Àwa tí a kì í sí nílé yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àrùn náà tán.

Bí ó ṣe ń mú ènìyàn

Eṣinṣin kékeré kan tí àwọn ará wa ń pè ní amùkúrù ló ń gbé àrùn yìí kiri. Ó dúdú, ó sì yọ iké lẹ́yìn. Ọ̀sán ló ń jẹni, kì í ṣe òru bí ẹ̀fọn, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì tí a ń ta sórí ibùsùn kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í sì í yé ẹyin sínú omi adágún tàbí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé. Omi tó ń sáré lórí àpáta, tó ń hó yaya, ni tirẹ̀, nítorí inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń mí pọ̀ sí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń pọ̀ létí àwọn odò wa tó ń ṣàn gba orí òkúta kọjá, bí odò Ògùn.

Bí abo eṣinṣin yìí bá jẹ ẹni tó ti ní àrùn náà, yóò fa àwọn ọmọ aràn tín-ín-tìn-tín láti inú awọ rẹ̀. Wọn yóò dàgbà díẹ̀ nínú eṣinṣin náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, lẹ́yìn náà ni yóò kó wọn fún ẹlòmíràn tó bá jẹ. Nínú ara ẹni yìí ni wọn yóò ti di àgbà aràn, tí wọn yóò ká jọ sínú kókó kan lábẹ́ awọ, ní ìbàdí, ní ìhà, tàbí ní orí. Kókó yìí kì í sábà dunni, ènìyàn lè máa gbé e kiri láìbìkítà. Ṣùgbọ́n abo aràn tó wà nínú rẹ̀ lè lo ọdún 10 sí 15 láyé, bí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ló sì ń tú jáde lójoojúmọ́.

Àwọn ọmọ yìí gan-an ni ìyà. Wọ́n ń rìn káàkiri lábẹ́ awọ, bí wọ́n bá sì ti ń kú síbẹ̀ ni ara yóò máa yún. Kì í ṣe irú yíyún tí a fi èékánná họ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì dá o. Ẹni tó ń ṣe yóò fi òkúta họra, yóò fi kùùkù àgbàdo họra, kò ní rí oorun sùn mọ́jú. Awọ rẹ̀ yóò nípọn, yóò hunjọ bí ti arúgbó, ojúgun rẹ̀ yóò sì ní àmì funfun tóótòòtó bí ara ẹkùn. Bí wọ́n bá wá dé inú ojú, tí wọ́n ń kú síbẹ̀ lọ́dọọdún, ojú yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fọ́. Èyí tó bá sì ti fọ́, oògùn kò lè là á mọ́. Ní ilẹ̀ igbó, ara yíyún àti ìbàjẹ́ awọ ló máa ń pọ̀ jù. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn lókè lọ́hùn-ún, ìfọ́jú ló pọ̀ jù.

Àwọn àgbà wa kan gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìnárun ti ń wá, pé a bí i mọ́ni ni, àsìkò rẹ̀ ló kàn ń tó kó tó yọ síta. Ẹ má bú wọn. Ẹni tó bá rí i pé bàbá, ìyá àti ọmọ ló jọ ń họra nínú ilé kan, kí ni kò ní jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n eṣinṣin etí odò kan náà ló ń jẹ gbogbo wọn. A kì í bí i mọ́ni, a kì í sì í kó o nípa jíjọ jẹun tàbí jíjọ sùn.

Ogun tí wọ́n fi bààlúù jà

Ní ọdún 1974, orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dáwọ́ lé ètò ńlá kan pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé, Báńkì Àgbáyé àti àwọn mìíràn. Àwọn méje náà ni Dahomey tí à ń pè ní Benin lónìí, Upper Volta tí ó di Burkina Faso, Côte d'Ivoire, Gánà, Mali, Niger àti Tógò. Létí àwọn odò Volta nígbà náà, ilẹ̀ tó lọ́ràá jù lọ ni àwọn ènìyàn ń sá kúrò lórí rẹ̀. Ní àwọn abúlé kan, ọmọdé ló ń fi ọ̀pá fa àgbàlagbà lọ sí oko. Kódà wọ́n fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti afọ́jú tó ń fà ṣe ère sí olú ilé iṣẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọn kò lé eṣinṣin tó ti fò. Ọmọ rẹ̀ tó wà nínú omi ni wọ́n dojú kọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni hẹlikópítà ń fò tẹ̀ lé odò, tí ó ń da oògùn apakòkòrò sí ibi tí omi ti ń hó lórí àpáta. Ọ̀sẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, nítorí kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ọmọ inú omi fi ń di eṣinṣin. Wọ́n sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni, nítorí aràn tó ti wà lára àwọn ènìyàn kò ní tètè kú. Ó di dandan kí wọ́n máa pa eṣinṣin títí aràn yóò fi darúgbó kú tán.

Kò rọrùn rárá. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn eṣinṣin kan ní Côte d'Ivoire kò kú mọ́ bí wọ́n da oògùn náà sí wọn. Àwọn onímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ oògùn, kí èyí tí eṣinṣin ti mọ́ lára má bàa jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n gbójú lé. Wọ́n tún rí i pé atẹ́gùn ń gbé eṣinṣin láti ibi tó ju 300 kìlómítà lọ wá sí odò tí wọ́n ti fọ̀ mọ́. Bí ènìyàn bá gbá iwájú ilé tirẹ̀ tí aládùúgbò kò gbá tirẹ̀, pàǹtí yóò ṣáà padà wá ni. Nítorí náà wọ́n fa orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn mọ́ra, wọ́n di 11. Nígbà tí ètò náà parí ní ọdún 2002, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé 600,000 ènìyàn tí ìbá fọ́jú ni kò fọ́jú, àti pé hẹ́kítà ilẹ̀ mílíọ̀nù 25 ló tún ṣeé dáko sí.

Nàìjíríà kò sí nínú ètò yẹn. Kò sì rọrùn láti fi bààlúù ṣe é nílẹ̀ igbó, nítorí àwọn odò kéékèèké pọ̀ jù, igi sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ohun mìíràn ló wá gbà wá.

Oògùn tí kì í ṣe fún títà

Ní Japan, ọ̀gbẹ́ni Satoshi Ōmura ń bu erùpẹ̀ láti ibi púpọ̀, ó ń wá kòkòrò àìfojúrí tó lè wúlò fún oògùn. William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà rí i pé ohun kan láti inú erùpẹ̀ yìí ń pa aràn lára ẹran ọ̀sìn. Inú rẹ̀ ni ivermectin ti jáde, tí àwọn ará wa mọ̀ sí Mectizan. Ní 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ènìyàn ní Dakar. Ní 1987, Merck kéde pé àwọn yóò máa fi í tọrẹ láìgba kọ́bọ̀, iye tí a bá ń fẹ́, fún iye ọdún tí a bá fi ń fẹ́ ẹ. Wọn kò yẹ àdéhùn náà títí di òní. Ní 2015, Ōmura àti Campbell wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó le sí. Oògùn yìí ń pa àwọn ọmọ aràn. Kì í pa ìyá wọn. Ó kàn ń dá ìyá dúró kó má bímọ fún oṣù díẹ̀ ni. Bó bá yá, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ lò ó ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, fún ọdún 10 sí 15, títí ìyá aràn yóò fi kú fúnra rẹ̀. Àwọn baba wa ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Ẹni tó gbé oògùn mì lẹ́ẹ̀kan tí ara rẹ̀ kò yún mọ́, tó wá ní òun ti gbádùn, ẹ̀jẹ̀ èékánná ló nù, iná ṣì wà láṣọ.

Ta ni yóò wá máa pín oògùn yìí láti ojúlé dé ojúlé fún ọdún 15? Dókítà kò tó, nọ́ọ̀sì kò tó. Nígbà tí ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 1995 fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó kù, tí Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé kí ará abúlé fúnra wọn yan ẹni tí yóò máa pín in. Àwọn ni yóò pinnu oṣù tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, bóyá kí wọ́n máa lọ láti ilé dé ilé tàbí kí gbogbo ènìyàn pé jọ síwájú ilé baálẹ̀. Apínoògùn yóò lọ gba oògùn ní ibùdó ìlera, yóò fi ọ̀pá wọn gíga ènìyàn láti mọ iye hóró tó tọ́ sí i, yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn onímọ̀ wò ó, wọ́n sì rí i pé ibi tí ará abúlé ti ṣe é fúnra wọn, àwọn tó ń gba oògùn pọ̀ ju ibi tí ìjọba ti wá pín in fún wọn lọ.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kò jókòó lásán nínú iṣẹ́ yìí. Ìgbò-Ọrà, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ètò ìlera ìgbèríko Ìbàràpá sílẹ̀ ní 1963, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ṣèwádìí ìnárun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Uche Amazigo, tó ti ṣe olùkọ́ ní Nsukka, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé kì í ṣe afọ́jú nìkan ló yẹ kí a máa kà. Ó fi hàn pé awọ tó bàjẹ́ àti ara tó ń yún ń dójú ti obìnrin láwùjọ, ó sì ń da ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọbìnrin rú. Láti 2005 sí 2011, òun ló darí ètò ti Áfíríkà náà, tó parí ní 2015. Láti ìgbà náà, ọwọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ ti wà.

Ó sì ṣeé ṣe o. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Niger, aládùúgbò wa ní àríwá, ti fòpin sí àrùn yìí. Òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Tiwa ńkọ́? Àwọn ìpínlẹ̀ wa kan ti rìn jìnnà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà lápapọ̀ kò tíì débẹ̀.

Ẹni tí kò sí nílé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ẹni tí yóò ní kí á sanwó oògùn. Ohun tó ṣòro nínú rẹ̀ ni kíka orí ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ní ó kéré tán kí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn gbé e mì lọ́dọọdún. Bó bá dín, eṣinṣin yóò ṣì máa rí ara tí yóò ti fa ọmọ aràn, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ yóò sì di àtúnbẹ̀rẹ̀.

Ta wá ni àwọn tí kì í gbé e mì? Àwọn kan wà tí òfin fúnra rẹ̀ yọ sílẹ̀: ọmọ tí kò ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà, aláboyún, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, àti ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fún àwọn wọ̀nyí. Àwọn kan ń bẹ̀rù, nítorí pé lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, ara wọn yún, ojú wọn wú. Àwọn ọmọ aràn tó ń kú lábẹ́ awọ ló sábà ń fa ìyẹn. Ó máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí tó bá sì le, kí wọ́n lọ rí nọ́ọ̀sì. Àwọn kan wà ní abà tó jìnnà, àwọn kan jẹ́ darandaran tí kì í dúró lójú kan.

Àwọn tó kù ni àwa. Ọmọ iléèwé tó ń gbé ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí wọ́n dé ilé baba rẹ̀, wọ́n ní ó wà ní iléèwé. Iléèwé kò sì sí nínú ìwé apínoògùn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, èyí tó wà ní Yunifásítì, ìyàwó ilé tó lọ tọ́jú ọmọ ọmọ ní Èkó, níwájú orúkọ gbogbo wọn, ohun kan náà ni wọ́n kọ: kò sí nílé. Bẹ́ẹ̀ aràn tí ọmọ náà gbé lọ kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Tó bá padà wálé fún Kérésì tàbí Iléyá, tó bá wọn lọ sódò, amùkúrù yóò jẹ ẹ́, yóò fa tirẹ̀, yóò sì lọ kó o fún àbúrò rẹ̀ tí kò tíì ní. Ilé náà ti lè máa gbé oògùn mì fún ọdún mẹ́jọ. Ẹni kan tí kò sí nílé lè dá àrùn padà síbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún tí ẹ ti kúrò, ẹ má fòyà, àwọn aràn ìgbà náà ti kú ṣáájú yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn tì, tí ẹ sì tún padà wá dáko sétí odò, ọ̀rọ̀ náà tún bá yín wí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Mi ò ní kí ẹgbẹ́ wa kọ́ ọsibítù. Nǹkan mẹ́rin péré ni, kò sì gba owó púpọ̀.

Èkínní, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ ní iléèwé etí odò, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí wọ́n fi iléèwé sínú ìwé, pàápàá àwọn ọmọ tó ń gbé ilé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n fún wọn níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí abúlé wọn, kí wọ́n má bàa fún wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí ìlú mú ọjọ́ pípín oògùn sún mọ́ àkókò tí àwọn ọmọ ń wálé. Ọwọ́ ìlú ni àṣẹ yẹn wà. Ìyẹn gan-an ni ìtumọ̀ pé ará abúlé ló ni ètò náà. Àwa ọmọ ìlú lè bá baálẹ̀ sọ ọ́.

Ìkẹta, apínoògùn kì í gba owó oṣù. Ọ̀dọ́ abúlé ni, oko rẹ̀ ń dúró dè é, ó sì ń rìn láti abà dé abà. Báàtà òjò, bírò, ìwé, owó ọ̀kadà, ìwọ̀nyí ni ẹgbẹ́ lè fún un. Kí á sì dárúkọ rẹ̀ níbi ayẹyẹ ìlú, kí á kan sárá sí i bí a ṣe ń kan sárá sí olówó. Bó bá sú u tó kó lọ sí Èkó, ta ni yóò rọ́pò rẹ̀?

Ìkẹrin, bí ẹ bá wálé tí wọ́n ń pín in, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn gíga yín lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì gbé e mì. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá àgbà bá fi ẹnu lásán sọ, àwọn ará abúlé lè má gbà á. Bí wọ́n bá rí i tó gbé omi mu tẹ̀ lé hóró oògùn, ìyẹn ni wọ́n á gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ní gbogbo àárọ̀ lẹ fi ń pe orúkọ wa ní kíláàsì yìí, ẹni tí kò bá sì dáhùn, ẹ ó rán ènìyàn lọ wò ó nílé. Ohun tí iṣẹ́ ìnárun kù sí náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á jọ máa pe orúkọ, kí á sì máa wá ẹni tí kò dáhùn lọ, títí kò fi ní sí ọmọ kankan mọ́ tí yóò máa fi ọ̀pá fa àgbàlagbà lọ sóko.

Ọlọ́run yóò dá ojú wa sí, yóò sì dá ẹ̀mí wa sí di àmọ́dún.